Ibo ni kí n ti máa fún erè mi lóúnjẹ, báwo ni kí n sì ṣe é?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Dókítà. Akóbọ̀ níbí, n'Ìbàdàn, ni mò ń gbé, ilé tí èrò pọ̀ sí ni. Mo ní erè kékeré kan, irú èyí tí òyìnbó ń pè ní ball python, tó wọn 400 gíráàmù. Ọ̀rẹ́ mi tó ti sin ejò rí ní n kò gbọdọ̀ fún un lóúnjẹ nínú àpótí tó ń gbé, pé bí mo bá ń ṣe bẹ́ẹ̀, gbogbo ìgbà tí mo bá ti ọwọ́ bọ ibẹ̀ ni yóò máa rò pé eku dé, yóò sì ṣán mi. Nítorí náà ni mo ṣe ń gbé e sínú báàfù, mo á ju ààyè eku sí i, mo á dé e, mo á sì gbé e padà bó bá jẹ ẹ́ tán. Ẹ̀ẹ̀mejì tẹ̀léra ló ti bì í lọ́jọ́ kejì báyìí. Màmá mi ní kí n kúkú máa gé ẹran fún un. Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ibo ló yẹ kí n ti máa fún un lóúnjẹ, báwo ni kí n sì ṣe é tí kò fi ní ṣe mí léṣe, tí èmi náà kò sì ní ṣe é léṣe?

Ìdáhùn: Àbúrò, nínú ilé rẹ̀ gan-an ni kí o ti máa fún un lóúnjẹ. Má gbé e lọ sínú báàfù mọ́. Ọ̀rẹ́ rẹ kọ́ ló dá ìmọ̀ràn yẹn sílẹ̀. Ó ti pẹ́ lẹ́nu àwọn tó ń sin ejò níbi gbogbo, àwọn tó ń tà á náà sì ń tẹnu mọ́ ọn títí di òní. Ṣùgbọ́n ewu tí wọ́n ní àwọn ń sá fún gan-an ni ìmọ̀ràn náà ń fà wá, ó sì tún ń kó òmíràn lé e.

Bí ebi bá ń pa erè, kì í wo ibi tó wà. Òórùn àti ooru ló fi ń mọ̀ pé oúnjẹ dé. Ahọ́n tó ń yọ síta tó sì ń fà wọlé yẹn, òórùn ló fi ń kó wá sí àjà ẹnu, ibẹ̀ ló ti ń tú u wò. Bó bá sinmi, wo ètè òkè rẹ̀ dáadáa. Wàá rí àwọn ihò kéékèèké tó tò lẹ́sẹẹsẹ níbẹ̀, tí wọ́n dà bí ojú ibi tí abẹ́rẹ́ ti gún awọ. Ooru ara ẹran ni àwọn ihò yẹn ń gbọ́, àní nínú òkùnkùn biribiri. Nítorí náà, ọwọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ di eku mú, tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, tó sì ń mira, oúnjẹ ni lójú erè, ìbáà jẹ́ nínú àpótí, ìbáà jẹ́ nínú báàfù, ìbáà jẹ́ lórí àga ní pálọ̀. Ọwọ́ tí a ti fi ọṣẹ fọ̀ mọ́ nílẹ̀, tó sì wọlé sí i jẹ́jẹ́, kì í sáábà kà á sí oúnjẹ.

Wá wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú báàfù yẹn. O ti yọ ọ́ níbi tó sá pamọ́ sí, o gbé e sí gbangba, ẹ̀rù ti kọ́kọ́ bà á. Ó mú eku, ó gbé e mì. Òórùn eku ṣì gba inú báàfù kan, ejò náà ṣì ń yọ ahọ́n kiri bóyá òmíràn ń bọ̀. Ìgbà yẹn gan-an ni o wá na ọwọ́ sí i láti gbé e padà. Èmi kò mọ ìgbà mìíràn tó léwu jù bẹ́ẹ̀ lọ fún ọwọ́ ẹni tó ń sin erè. Púpọ̀ nínú àwọn tí mo ti rí tí erè wọn mú wọn lọ́wọ́, àkókò yẹn ló mú wọn.

Ti ikùn rẹ̀ ló tún wá le jù. Ejò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan òun. Nínú igbó, ohun tó bá gbé e nílẹ̀ lásìkò yẹn, ohun tó fẹ́ pa á jẹ ni, ọ̀nà tó sì mọ̀ láti fi sá ni pé kó bi ohun tó wà nínú rẹ̀ kí ara rẹ̀ lè fúyẹ́. Iṣẹ́ tó ń lọ nínú ikùn yẹn kì í ṣe kékeré. Àwọn onímọ̀ ti yẹ erè ilẹ̀ Éṣíà tí wọ́n ń pè ní Burmese python wò lẹ́yìn oúnjẹ: láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, ọkàn rẹ̀ á ti tóbi sí i, ẹ̀dọ̀, kíndìnrín àti ìfun rẹ̀ náà á wú, nítorí pé gbogbo ara ló dìde sí oúnjẹ kan ṣoṣo. Bí o bá wá da irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ rú lágbedeméjì, omi kíkan inú ikùn á bá èébì jáde, á jó ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀, omi ara rẹ̀ á sì dínkù. Ejò ńlá lè fara da ẹ̀ẹ̀kan. Ejò 400 gíráàmù tó bá bì lẹ́ẹ̀mẹ́ta tẹ̀léra, ẹ̀mí rẹ̀ ti wà nínú ewu. Nítorí náà, bó bá ti jẹun, wákàtí 48 ó kéré tán, má fọwọ́ kàn án. Bí ibi tó wú lára rẹ̀ kò bá tíì rọlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, ṣì mú sùúrù.

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ ṣì wà lọ́kàn rẹ: tó bá wá ń rò pé gbogbo ìgbà tí àpótí bá ṣí ni oúnjẹ dé ńkọ́? Èyí máa ń ṣẹlẹ̀ sí ejò tó jẹ́ pé ọjọ́ oúnjẹ nìkan ni wọ́n ń ṣí ilé rẹ̀. Àtúnṣe rẹ̀ kò le. Máa ṣí i láwọn ọjọ́ mìíràn, pààrọ̀ omi, kó ìgbẹ́ rẹ̀, kí o sì pa á dé. Wá irin kan tó tẹ́ẹ́rẹ́. Háńgà aṣọ tí o tẹ̀, tí o sì ká orí rẹ̀ kó má baà gún un, ti tó. Lọ́jọ́ tí o bá fẹ́ gbé e, fi irin náà kàn án jẹ́jẹ́ ní agbede ara, kí o tó ti ọwọ́ bọ̀ ọ́. Lọ́jọ́ oúnjẹ, má fi kàn án rárá. Kò pẹ́ tí yóò fi mọ ìyàtọ̀: bí irin bá kàn mí, wọ́n fẹ́ gbé mi ni, bí òórùn eku bá wọlé láìsí irin, oúnjẹ ni. Ibì kan ṣoṣo tí mo ti gbà pé kí a ya ibi ìjẹun sọ́tọ̀ ni bí ejò méjì bá ń gbé àpótí kan náà, nítorí pé méjèèjì lè di eku kan mú, kí ọ̀kan sì gbé èkejì mì mọ́ ọn. Kàkà bẹ́ẹ̀, fún oníkálukú ní ilé tirẹ̀.

Ohun kejì tó lè mú un bì ni òtútù, ẹ̀yin ará Ìbàdàn sì máa ń gbójú fò ó nítorí pé a gbà pé ìlú wa gbóná. Ejò kò ní ooru tirẹ̀ nínú. Ooru tó bá bá láyìíká ló fi ń da oúnjẹ rẹ̀. Ó yẹ kí apá kan àpótí rẹ̀ gbóná tó dígírì 31 sí 33, kí apá kejì tutù díẹ̀, bíi 25 sí 27, kó lè máa yàn fúnra rẹ̀. Ní oṣù kejì àti oṣù kẹta, yàrá rẹ á ti gbóná tó bẹ́ẹ̀ fúnra rẹ̀ lọ́sàn-án. Ṣùgbọ́n lóru ọyẹ́, ní oṣù kejìlá sí oṣù kìíní, ó lè já sí dígírì 20 tàbí kó lọ sílẹ̀ jù bẹ́ẹ̀, òtútù oṣù kẹjọ náà kì í sì í ṣe kékeré. Bí wọ́n bá wá mú iná lọ lálẹ́ ọjọ́ tó jẹun, eku yẹn á máa jẹrà nínú rẹ̀ dípò kó dà, á sì bì í. Ra tẹmómítà méjì, ọ̀kan sí apá kọ̀ọ̀kan. Má gbẹ́kẹ̀ lé ọwọ́ rẹ láti fi mọ ooru. Tí o bá mọ̀ pé iná kò dúró ládùúgbò yín lọ́sẹ̀ yẹn, sún oúnjẹ síwájú. Ọ̀sẹ̀ kan láìjẹun kò ní pa erè. Bí iná bá lọ lẹ́yìn tó ti jẹun, rọ omi gbígbóná sínú ike méjì, fi aṣọ wé wọn, kí o sì gbé wọn sí ìta àpótí, kí wọ́n fara ti apá tó máa ń gbóná. Má gbé àpótí gíláàsì sínú oòrùn, kò ní pẹ́ tí ejò inú rẹ̀ yóò fi kú.

Ọ̀rọ̀ ààyè eku wá kàn, ibẹ̀ ló sì ká mi lára jù. Wọ́n gbé erè kan wá sọ́dọ̀ wa tí eku ti jẹ lẹ́yìn ọrùn. Ìpẹ́ ibẹ̀ ti ṣí kúrò, ẹran pupa ń hàn, egungun ẹ̀yìn sì ti yọ funfun láàárín rẹ̀. Olówó rẹ̀ ju eku sí i lálẹ́, ó lọ sùn. Ejò náà fẹ́ bọ́ awọ, ojú rẹ̀ ti ṣú, kò fẹ́ jẹun. Ebi wá ń pa eku títí ilẹ̀ fi mọ́, òun ló sì jẹ ejò. Eku tún lè bu ejò jẹ lójú. Má fi ààyè eku sílẹ̀ pẹ̀lú ejò rẹ láìsí ìwọ níbẹ̀ láé, àní fún ìṣẹ́jú mélòó kan. Èyí tó dára jù ni kí eku ti kú kó tó dé iwájú rẹ̀. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe ni kó pa á, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kó má jẹ̀rora. Púpọ̀ nínú àwọn tó ń tà á ló mọ̀ ọ́n. Má rì í sínú omi, má sì ju ààyè rẹ̀ sí fíríìsà.

Èwo ni kó jẹ́? Kì í ṣe èkúté tí o fi pańpẹ́ mú lẹ́yìn ilé, kì í sì í ṣe eku ojú gọ́tà. Gbogbo ọjà Ìbàdàn ni wọ́n ti ń ta májèlé eku, o kò sì lè mọ èyí tó ti jẹ ẹ́ nílé àwọn aládùúgbò rẹ kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ. Ọ̀pọ̀ májèlé yẹn ni kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Ejò tó bá gbé irú eku bẹ́ẹ̀ mì lè máa ṣẹ̀jẹ̀ sínú títí yóò fi kú. Èyí tó kan ìwọ fúnra rẹ ni ibà Lassa, tí wọ́n kọ́kọ́ dá mọ̀ ní 1969 ní ìlú Lassa, ìpínlẹ̀ Borno. Eku kan tó ń gbé nínú ilé àti oko wa, Mastomys natalensis, ló ń gbé e kiri nínú ìtọ̀ àti ìgbẹ́ rẹ̀. Ondo àti Edo, tí kò jìnnà sí wa, wà lára ibi tó ti ń jà jù, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló sì máa ń pọ̀ jù. Ìwọ tí ò ń fi ọwọ́ mú eku ni yóò ràn, ejò rẹ kọ́.

Eku funfun tí wọ́n sìn ni kí o wá. N'Ìbàdàn tí ilé ẹ̀kọ́ gíga àti ilé ìwádìí pọ̀ sí, àwọn tó ń sin eku funfun fún títà kò ṣọ̀wọ́n. Bi wọ́n léèrè kan kí o tó sanwó: ṣé wọ́n ti lo eku yìí fún ìwádìí rí? Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, má gbà á, ìbáà jẹ́ ọ̀fẹ́, nítorí oògùn tàbí kẹ́míkà tí wọ́n fún un lè ṣì wà lára rẹ̀.

Ẹ bá mi kí Màmá. Wọ́n rò ó dáadáa, nítorí àwa èèyàn ni ẹran gígé tó fún. Erè kì í jẹ ẹran lásán. Odindi ẹran ló ń jẹ, pẹ̀lú egungun, ẹ̀dọ̀, irun àti gbogbo rẹ̀. Inú egungun ni kálísíọ́ọ̀mù, èròjà tó ń mú egungun le, wà, inú ẹ̀dọ̀ ni fítámì pọ̀ sí. Ẹran màlúù láti ọjà Bódìjà, bó ti wù kó dára tó, kò ní egungun eku nínú. Bí o bá ń fún un ní ẹran gígé títí, egungun tirẹ̀ á máa rọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹyin náà kọ́, ẹja kọ́, ọ̀pọ̀lọ́ kọ́.

Òròmọdìẹ ọlọ́jọ́ kan ńkọ́? Ó ṣeé lò lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Luca Luiselli àti Francesco Angelici, tí wọ́n ṣèwádìí lórí irú erè yìí nínú igbó ìhà gúúsù ìlà-oòrùn Nàìjíríà, tí iṣẹ́ wọn sì jáde ní 1998, rí i pé àwọn tí kò tíì gùn tó 70 sẹ̀ǹtímítà ń jẹ ẹyẹ ju eku lọ, akọ náà sì ń jẹ ẹyẹ ju abo lọ, ṣùgbọ́n àwọn tó ti ju mítà kan lọ, eku àti irú ẹran bẹ́ẹ̀ ni gbogbo oúnjẹ wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́. Nítorí náà, bí erè kékeré tí wọ́n mú láti oko bá kọ eku funfun, kì í ṣe àgídí, kò mọ̀ ọ́n ni. Mo máa ń sọ fún àwọn èèyàn pé kí wọ́n fi ara òròmọdìẹ ra orí òkú eku kó lè ní òórùn tó mọ̀. Òròmọdìẹ ọlọ́jọ́ kan kò ní egungun líle bíi ti eku, ó sì máa ń jẹ́ kí ìgbẹ́ ejò rọ̀. Má sọ ọ́ di oúnjẹ ojoojúmọ́, torí bí erè bá ti mọ́ ọn lẹ́nu tán, ó lè kọ eku pátápátá.

Ti ìwọ̀n: wo ibi tó sanra jù lára ejò rẹ. Eku kò gbọdọ̀ fi bẹ́ẹ̀ fẹ̀ ju ibẹ̀ lọ. Bí o bá ní ìwọ̀n ilé ìdáná (ra tirẹ̀ lọ́tọ̀, má mú ti Màmá), ìdá 10 sí 15 nínú 100 ìwọ̀n ara rẹ̀ ló tọ́ sí ọmọdé. Fún tìrẹ tó wọn 400 gíráàmù, eku 40 sí 60 gíráàmù ni, ẹ̀ẹ̀kan láàárín ọjọ́ 7 sí 10, lẹ́yìn tí ara rẹ̀ bá ti yá. Bó bá dàgbà tó 1,500 gíráàmù, eku bíi 75 gíráàmù ní ọ̀sẹ̀ méjì-mẹ́ta ti tó o. Erè tó sanra jù kì í ṣe ohun ìwúrí. Ọ̀rá máa ń bo ẹ̀dọ̀ rẹ̀.

Fíríìsà ló ń jẹ́ kí iṣẹ́ yìí rọrùn, NEPA ló sì ń bà á jẹ́. Òkú eku tó bá ti yọ́, má tún fi dì mọ́. Nítorí náà, má ra eku tí yóò tó o lò fún oṣù mẹ́fà pa mọ́. Ra èyí tí yóò tó oúnjẹ méjì tàbí mẹ́ta. Inú ike tó ní ìdérí ni kó wà, lọ́tọ̀ sí oúnjẹ ilé. Lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, gbé ọ̀kan sí ìsàlẹ̀ fíríìjì, nínú ike rẹ̀, kó máa yọ́ díẹ̀díẹ̀. Bó bá kù díẹ̀ kí o fún un, dì í sínú ọ̀rá tí omi kò ní wọ̀, kí o kì í bọ omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ títí ara rẹ̀ á fi gbóná bíi ti ẹran ààyè, dígírì 38 sí 40. Tẹ ikùn rẹ̀ pẹ̀lú ìka. Bí yìnyín bá ṣì wà nínú, dá a padà sínú omi. Má lo omi híhó, ikùn eku á bẹ́. Máíkírówéèfù kọ́, nítorí ibì kan á jinná, ibì kan á ṣì tutù.

Ó di alẹ́, ní nǹkan bí aago mẹ́jọ sókè, nígbà tí erè máa ń jáde. Pa iná tó mọ́lẹ̀ jù. Bí jẹnẹrétọ̀ bá wà nítòsí fèrèsé, dúró kí wọ́n pa á, torí pé ejò ń gbọ́ bí ilẹ̀ ṣe ń gbọ̀n lára rẹ̀. Sọ fún àwọn ọmọdé kí wọ́n jáde. Bó bá jẹ́ ìyẹ̀fun pákó lo tẹ́ sílẹ̀ fún un, gbé abọ́ pẹrẹsẹ tàbí ìwé ìròyìn sí iwájú ibi tó ń sá pamọ́ sí. Díẹ̀ tó bá wọ inú rẹ̀ kò burú, ṣùgbọ́n eku tó tutù á gbé e mọ́ra púpọ̀, nítorí náà nu eku gbẹ. Fi ẹ̀mú gígùn, tó jìn sí ọwọ́ rẹ dáadáa, di eku mú níbi ìdí ìrù, kí orí rẹ̀ kọjú sí ejò. Sún un wọlé jẹ́jẹ́, máa mì ín díẹ̀. Má tì í mọ́ ejò lójú.

Wàá rí i pé ọrùn rẹ̀ á ká wọlé, ahọ́n á máa yára, gbogbo ara á sì dúró jẹ́ẹ́. Lẹ́yìn náà ni yóò fò mọ́ ọn. Tú ẹ̀mú sílẹ̀ kíá. Yóò wé mọ́ òkú eku náà bíi pé ó ṣì ń jà, ó sì lè dúró bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀. Má fọwọ́ kàn án, má sì tan iná sí i. Bó bá tú u, yóò máa wá ibi tí orí rẹ̀ wà, torí láti orí ló ti ń gbé e mì. Dé àpótí, kí o sì ti kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Erè lágbára ju bó ṣe rí lójú lọ, ìdérí tí a kàn gbé lé e kò dá a dúró, nínú ilé tí èrò pọ̀ sí, ìyẹn lè di wàhálà ńlá.

Bí kò bá mú un láàárín ìṣẹ́jú 20, gbé òkú eku náà sórí abọ́ rẹ̀ níwájú ibi tó sá pamọ́ sí, kí o sì lọ. Ọ̀pọ̀ erè ló máa ń jẹ nígbà tí kò bá sí ẹni tó ń wò wọ́n. Gbé òkú eku náà kúrò níbẹ̀ láàárọ̀ kùtùkùtù, nítorí ooru ìlú yìí kì í jẹ́ kó pẹ́ kó tó rùn. Ohun tí mo fẹ́ kí o ṣọ́ lóru yẹn ni èèrà. Òórùn òkú eku á pè wọ́n wá láti ìta, bó bá sì jẹ́ ìjàlọ, ejò tó wà nínú àpótí kò ní ibi tó máa sá sí, wọ́n lè pa á. Gbé tábìlì rẹ̀ sórí agolo mẹ́rin tó ní omi nínú, ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan nínú agolo kan, kí tábìlì má sì kan ògiri.

Bó bá kọ oúnjẹ, má fipá fún un. Erè lè gbààwẹ̀ fún oṣù mélòó kan, pàápàá bó bá fẹ́ bọ́ awọ tí ojú rẹ̀ ṣú, tàbí nígbà òtútù. Máa wọ̀n ọ́n lọ́sẹ̀ méjì-méjì, kí o kọ ọ́ sílẹ̀. Bí ìwọ̀n rẹ̀ bá lọ sílẹ̀ ju ìdá 10 nínú 100 lọ, ìgbà yẹn ni kí o wá dókítà.

Ti ara yín nínú ilé: kòkòrò salmonella máa ń wà nínú ìgbẹ́ ejò àti lára eku, yìnyín kì í sì í pa á. Fọ ọwọ́ rẹ pẹ̀lú ọṣẹ ṣáájú àti lẹ́yìn. Ẹ̀mú yẹn, abọ́ yẹn, ìwọ̀n yẹn, wọn kò gbọdọ̀ dé ilé ìdáná, má sì fọ wọ́n níbi tí ẹ ti ń fọ abọ́. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, aboyún àti arúgbó kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ejò náà. Bó bá mú ọ lọ́wọ́, má fa ọwọ́ rẹ yọ; eyín rẹ̀ tẹ̀ sẹ́yìn, bí o bá ń fà á, ọwọ́ rẹ ló ń ya, eyín rẹ̀ náà á sì kán. Da omi tútù lé e lórí, tàbí kí o kán ọtí ìfọwọ́ díẹ̀ sí etí ẹnu rẹ̀, á tú u. Erè kò ní oró. Fi ọṣẹ àti omi púpọ̀ fọ ojú ọgbẹ́, kí o sì lọ gba abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì bó bá ti pẹ́ tí o gba èyí tó kẹ́yìn. (Ọ̀rọ̀ erè nìkan ni mò ń sọ o. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé ejò wá fún ọ láti oko tí kò dá ọ lójú, má gbà á. Sèbé, ọká àti paramọ́lẹ̀ kì í ṣe ohun tí a ń fi ẹ̀mú bọ́ nínú yàrá.)

Wàyí o, èyí tó ti bì lẹ́ẹ̀mejì yìí. Má fún un ní nǹkan kan jẹ fún ọjọ́ 10 sí 14, bó ti wù kó máa wò ọ́ tó. Omi mímọ́ nìkan, kó wà níbẹ̀ nígbà gbogbo. Má gbé e lásìkò yìí àfi tí o bá fẹ́ tún ilé rẹ̀ ṣe. Fi tẹmómítà yẹ ooru rẹ̀ wò láàárọ̀ àti lóru. Lẹ́yìn náà, fún un ní òkú eku kékeré kan, ìdajì ìwọ̀n tí mo sọ lókè, nínú ilé rẹ̀, kí o sì fi í sílẹ̀. Bí ìyẹn bá dúró, tún dúró ọjọ́ mẹ́wàá kí o tó fún un ní òmíràn bíi tirẹ̀, kí o tó wá máa pọ̀ ọ́n díẹ̀díẹ̀.

Bó bá bì lẹ́ẹ̀kẹta, kò sí ohun tí o tún lè dá ṣe nílé mọ́. Gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ẹranko ti Yunifásítì Ìbàdàn. Ó lè jẹ́ pé aràn ló wà nínú rẹ̀, pàápàá bó bá jẹ́ inú igbó ni wọ́n ti mú un. Yẹ abẹ́ ìpẹ́ rẹ̀ wò fún eégbọn náà. Fi í sínú àpò ìrọ̀rí tí o so lẹ́nu, gbé e sínú ike tó ní ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, kí o má sì gbé e sínú bọ́ọ̀sì tí èrò kún. Mú ìgbẹ́ rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe dání nínú ike kékeré kan, mú ohun tó bì náà nínú ọ̀rá, àti ìwé tí o ti ń kọ ìwọ̀n rẹ̀, ọjọ́ tó jẹun àti ooru ilé rẹ̀ sí. Ìwé yẹn ni dókítà á kọ́kọ́ béèrè.